Kókó Òwú Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ má tíì kan pátákó yẹn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ẹ ti kọ orúkọ mi sí i, mo mọ̀ pé ẹ ti pe àwọn òbí jọ, ẹ sì ti fi bébà aláràbarà ṣe yàrá àwọn ọmọdé ilé ìkàwé lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún méjìlélógún, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀ lọ. Dókítà sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọkàn mi ti rẹ̀ kọjá ohun tí oògùn lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá tó gba yàrá àwọn ọmọdé lọ́wọ́ mi ni mo sì ní kó kà á sókè fún yín. Ọmọ mi, tó o bá dé ibì kan tó o rí i pé ìwọ gan-an ni mò ń bá wí, jọ̀ọ́, má dúró. Kà á tán.

Àwọn tó dàgbà nínú yín á rántí Bọ̀ọ̀dá Páálí. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí kò sí páálí tó máa kọjá níwájú ẹ̀ kó dé ààtàn. Àpótí bàtà á di ọkọ̀ ojú omi, kíréètì ẹyin á di òdòdó, agolo mílíìkì á di fìtílà. Nígbà ìsinmi gígùn, tí ooru bá mú, tí àwọn òbí ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ọmọ wọn ṣe mọ́, yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé yìí ni wọ́n máa ń kó wọn wá. Á sọ fún wọn pé, "Ẹ má ra nǹkan kan o. Ẹ wo abẹ́ ibùsùn, ẹ wo ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ohun tí ìyá yín bá fẹ́ dà nù ni kí ẹ gbé wá." Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan gbé bàtà bàbá ẹ̀ wá, ẹsẹ̀ kan péré, ó ní ìyá òun ti ń fẹ́ dà á nù láti ọjọ́ yìí. Bàbá náà wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ kejì lẹ́sẹ̀, ó ń tiro. Bọ̀ọ̀dá Páálí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Èmi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó mú mi síbẹ̀. Ìwé ni mo wá kà. Ó rí i bí mo ṣe ń ká bébà níbi tí mo jókòó sí, ó ní, "Àbúrò, ọwọ́ tìẹ náà ò lè dúró jẹ́ẹ́. Wá bá mi ṣe." Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun tí kò ní í kan, bí wọ́n ṣe ń gé páálí tí kò ní í ya, àti bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó ń sunkún jókòó láìsọ nǹkan kan. Kò sí ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí tí kì í ṣe òun ló kọ́ mi. Ẹ ò ní í pẹ́ gbọ́ ohun tí mo fi san án.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ, ó pè mí jókòó. Ó gbé ìdérí ìgò méjì sí àtẹ́lẹwọ́, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé. Ó ní, "Méjèèjì yìí, bákan náà ni wọ́n rí lójú mi, bí igi gbígbẹ. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ọ̀gá ò mọ̀, ìyàwó mi gan-an ò mọ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ ò dá àwọ̀ mọ̀, ó parí fún mi nìyẹn. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún." Mo búra fún un. Èmi náà ni mo ronú ọgbọ́n tí a dá sí i: òwú funfun, kókó kan fún pupa, kókó méjì fún àwọ̀ ewé. Gbogbo agolo ọ̀dà, gbogbo àpò bébà, mo ń so òwú mọ́ ọn. Àtàǹpàkò ló fi ń ríran. Ọdún mẹ́ta la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura. Wọ́n rò pé àrà tiwa ni.

Ní ọdún kẹta yẹn ni ọ̀gá àgbà ilé ìkàwé ní àwọn máa yan ẹnì kan ṣe olórí yàrá àwọn ọmọdé, kì í ṣe ti ìgbà ìsinmi nìkan mọ́. Gbogbo wa la mọ ẹni tó máa jẹ́, kò sì dùn mí. Ohun tó dùn mí ni ti ìwé. Bọ̀ọ̀dá Páálí kó gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ wa jọ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, ilé ìkàwé sì tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ọ̀gá, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, ló gbé e wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Wo iwájú ìwé yìí. Orúkọ ta lo rí? Tìẹ dà? Abẹ̀bẹ̀ atẹ́gùn yẹn, ṣé òun ló ṣe é ni?" Mo wò ó. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán abẹ̀bẹ̀ tí atẹ́gùn ń yí, èyí tí èmi fúnra mi fi èèpo ìwé àti igi ìgbálẹ̀ ṣe. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tí mò ń bo àṣírí ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ló wá fi mí ṣe ẹni tí kò sí yìí. Mi ò ṣí ìwé náà. Ẹ bá mi fi ọkàn síbẹ̀ yẹn: mi ò ṣí i. Mo jù ú sínú báàgì, mi ò sì bi í léèrè ohunkóhun. Mò ń kí i láàárọ̀, mò ń bá a rẹ́rìn-ín, mo sì ń wá ibi tí mo ti máa gbá a mú.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí àwọn ọmọ ṣe àsìá ńlá fún ayẹyẹ òmìnira. Bọ̀ọ̀dá Páálí ní ìdérí ìgò la máa fi ṣe é. Àwọn ọmọ ṣa ìdérí káàkiri títí àpò wọn fi ń dún ṣaworo bí wọ́n bá ń rìn. Ó gé páálí méjìlá, wọ́n kun ìdérí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn, páálí kan, àwọ̀ kan: pupa mẹ́rin, funfun mẹ́rin, àwọ̀ ewé mẹ́rin. Mo so òwú mọ́ ẹ̀yìn ti pupa àti ti àwọ̀ ewé bí a ṣe máa ń ṣe. Ó fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn, torí náà kò sí ọmọ tó máa rí i lódidi títí àlejò pàtàkì fi máa ká aṣọ kúrò lójú ẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé pupa ló wà lókè àsìá wa, tí àwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e dorí kodò, ó di àsìá àwọn ará òdìkejì odò, tí ìjọba wa ń bá fa ọ̀rọ̀ ààlà nígbà yẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, ó fẹ́ lọ sílé lọ mú aṣọ ìbùsùn tí a máa fi bo àsìá náà. Ó ní, "Àbúrò, bá mi wo ibẹ̀ o." Bó ṣe jáde ni mo ti ilẹ̀kùn. Mo tú òwú ẹ̀yìn páálí pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tú ti àwọ̀ ewé, mo sì fi ti ọ̀kan sára èkejì. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Orin ni mò ń kọ bí mo ṣe ń ṣe é.

Nígbà tó dé, ó gun àkàbà, èmi sì ń gbé páálí fún un. Ó ń fi àtàǹpàkò wá òwú lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Kókó kan, òkè nìyí." "Kókó méjì, ìsàlẹ̀." Ó ń kan ìṣó mọ́ ọn. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi látorí àkàbà. Ó ní, "Àbúrò, ojú ẹ lojú mi. Ṣé ó dára?"

Mo ní, "Ó dára gan-an, bọ̀ọ̀dá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ta aṣọ bò ó.

Ẹnì kan rí i kí aṣọ tó bò ó. Ìyá tó ń gbá ilé ìkàwé nígbà yẹn ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó máa ń dúró dè é títí iṣẹ́ á fi tán. Bí mo ṣe bọ́ síta, ó fa ẹ̀wù mi. Ó ní, "Àǹtí, pupa wà nísàlẹ̀. Ṣé kì í ṣe òkè ló yẹ kó wà ni?" Ọmọ mi, ìwọ ni. Má dúró, máa kà á lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ọ́ lójú kòròkòrò, mo ní, "O ò rí i dáadáa. Òkè ni pupa wà. Ojú ẹ ló ń tàn ẹ́ jẹ." O ní, "Àmọ́ mo rí i, Àǹtí." Mo ní, "Ṣé ìwọ lo wá mọ̀ ọ́n ju bọ̀ọ̀dá lọ? Tó o bá ń sọ irú ẹ̀ kiri, wọ́n á ní kí ìyá ẹ máa lọ sílé." O sá lọ bá ìyá rẹ, o ò sì tún wò mí lójú lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òbí jókòó sórí àga kéékèèké àwọn ọmọ, orúnkún wọn kan àyà. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè. Alága ìlú, tó jẹ́ àlejò pàtàkì wa, fa aṣọ. Orin náà já lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ọmọ kan tó dijú tó ń kọ ọ́ lọ. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Àsìá ta rèé?" Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Alága mú aṣọ dání, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Bọ̀ọ̀dá Páálí ò wo àsìá. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Èmi ló ń wò, ó ń dúró kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Mo kọ ojú sí fèrèsé.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà pè wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n bi Bọ̀ọ̀dá Páálí pé ta ló rán an níṣẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àṣìṣe ni." Ọ̀gá ní, "Àṣìṣe wo? Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ àsìá wa!" Kò lè dáhùn láìtú àṣírí ara ẹ̀. Èmi ni mo tú u. Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Bọ̀ọ̀dá kì í dá àwọ̀ mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bò wọ́n. Mo sọ fún wọn pé àsìá yìí ò tọ́, wọn ò gbọ́." Ó yíjú, ó wò mí. Kò bínú, ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó rí bí ẹni tí wọ́n gbá létí lójú oorun. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá, ó gbé e sórí tábìlì.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù, àbí? Rárá o. Ẹnì kan ti sọ fún ọ̀gá pé ọmọ ìyá agbálẹ̀ wà nítòsí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ni wọ́n bá ní kí wọ́n mú ọ wọlé. Ọ̀gá bi ọ́ pé, "Ṣé o rí àsìá yẹn kí wọ́n tó bò ó? Ṣé o sọ fún ẹnikẹ́ni?" Ká ní o ti sọ pé o sọ fún mi ni, gbogbo ẹ̀ ì bá tú síta níbẹ̀. O di ẹ̀wù ìyá rẹ mú, o wò mí. Mo mi orí díẹ̀ báyìí. O ní, "Mi ò rí nǹkan kan." Òótọ́ wà lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo dá a padà sí i nínú. Lẹ́yìn ìgbà náà, ìyá rẹ sọ fún mi pé tó o bá fẹ́ kun àwòrán nílé, o máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé, "Màámi, ṣé pupa lèyí?" Ó gbé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n ní ojú rẹ ò ní nǹkan kan. Mo ní, "A dúpẹ́ o." Ẹnu yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Wọ́n gbé ipò náà fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ní ká ṣe abẹ̀bẹ̀ atẹ́gùn, ni mo bá yọ ìwé pẹlẹbẹ yẹn nínú báàgì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí i nìyẹn. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé tó tẹ̀ lé èèpo ìwé pé: "Ọwọ́ méjì ló ṣe ìwé yìí. Mo fẹ́ kí orúkọ àbúrò mi wà níwájú pẹ̀lú tèmi, wọ́n ní àyè orúkọ kan ló wà. Òun ló ṣe abẹ̀bẹ̀ atẹ́gùn. Òun sì ni ojú tí mo fi ń ṣe ìyókù." Orúkọ mi tẹ̀ lé e, odindi. Mo dúró síwájú àwọn ọmọ, mo ń ka ojú ewé kan náà lákàtúnkà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, àbí ẹ ò mọ ìwé kà ni?" Mo lọ bá akọ̀wé. Mo ní, kí ló dé tí ò sọ fún mi? Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ní kó o má ṣí i?" Ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Mo lè lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yàrá ti wà lápò mi, àwọn òbí sì ti ń pè mí ní ọ̀gá. Mo fẹ́ràn ẹ̀.

Lẹ́yìn tí dókítà bá mi sọ̀rọ̀, mo lọ sílé Bọ̀ọ̀dá Páálí. Ó ti di arúgbó. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé páálí fún ọmọ ọmọ ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ó ń gé páálí lọ. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo kó àwọn páálí yẹn lọ sílé, mo ní kí ìyàwó mi sọ àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi, mo sì fọwọ́ kan òwú ẹ̀. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń wá a."

Mo ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, bọ̀ọ̀dá. Ẹ foríjì mí."

Ó gbé páálí ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá ní mo ti foríjì ẹ́, irọ́ ni mo pa. Bóyá lọ́la. Ọmọ ìyá agbálẹ̀ yẹn ńkọ́? Lọ sọ fún un níbi tó o ti sọ fún un pé kò ríran."

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Ẹ gbé pátákó yẹn kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ mọ orúkọ ẹni tó ni yàrá náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹnìkejì yín bá ṣe ohun tó dùn yín, ẹ bi í léèrè. Ẹ ṣí ìwé náà kí ẹ tó bínú. Ẹ foríjì mí, ẹni tó bá lè ṣe é.

Ọmọ mi, ó ku díẹ̀. Kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Ojú rẹ ò tàn ọ́ jẹ lọ́jọ́ náà. Ìsàlẹ̀ ni pupa wà.