Ẹ Kú Ìjókòó

Nínú mọ́tò tó ń ti Òmù-Àrán lọ sí Ẹ̀sìẹ́, màmá kan ń ròyìn oṣù kan tó lò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ékòó fún obìnrin tó jókòó tì í. Ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí.

"Mo wo sinimá tí kò sí ìjà nínú rẹ̀. Mo gbọ́ orin títí. Níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, mo bá ère òkúta kan tó jókòó bíi tiwa l'Ẹ́sìẹ́. Gbogbo èrò ibẹ̀ kàn ń wò ó. Mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Ẹ kú ìjókòó.' Ká tó kúrò níbẹ̀, àwọn ará Èkó ti ń kí i."

"Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ bọ òkúta?"

"Ta ló bọ ọ́? Mo kí i ni. Ṣé a kì í kí ẹni tá a bá lórí ìjókòó ni?"

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ l'Ẹ́sìẹ́, mo gba iwájú ilé àwọn ère òkúta kọjá. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi wí pé, "Ẹ kú ìjókòó."