Ọwọ́ Ọba Ò Jáde

[Fóònù dún títí. Wọ́n gbé e. Ariwo èèyàn àti òòlù ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ẹni tó pè.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, ọkọ yín ńkọ́, ṣé ara wọn—

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo bà jẹ́?

ÀBÚRÒ: Háà! Èèyàn ò lè kí yín mọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: O kì í béèrè ọkọ mi. Kí lo bà jẹ́?

ÀBÚRÒ: Kò sí o. Mo kàn ní kí n béèrè... abẹ kékeré tí ẹ fi ń tú aṣọ, ṣé ó lè gé òwú dúdú?

Ẹ̀GBỌ́N: Òwú dúdú wo?

ÀBÚRÒ: Òwú dúdú lásán—

Ẹ̀GBỌ́N: Ti ara aṣọ funfun tí Ọba fẹ́ wọ̀ nínú eré yín? Design tí mo fi ọwọ́ ara mi yà látinú ìwé àtijọ́, tí mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ìlà-ìlà kí máṣíìnì rẹ lè rán an? Má fi abẹ kàn án!

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Ṣé ìwọ gbọ́ mi? Apá ọ̀tún bí apá òsì, bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń ṣe é. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe?

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń pariwo.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ń pariwo lẹ́yìn rẹ yẹn?

ÀBÚRÒ: Ọba ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ṣe é?

ÀBÚRÒ: Ọwọ́ òsì rẹ̀ ò jáde. Ó wọ apá aṣọ, ó dé ìgúnwọ́, ó dúró. Iwájú apá aṣọ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti... wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: O rán wọn pọ̀! Mo ní kí o tú apá aṣọ, kó tẹ́jú, kí o tó fi sí férémù máṣíìnì—

ÀBÚRÒ: Aṣọ tí wọ́n ti rán tán! Kí n tú u, kí n tún un rán? Ìyẹn ò fàkókò ṣòfò?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ tí o ju Ọba sẹ́wọ̀n lo tún ń ṣọ́ àkókò. Ọwọ́ làwọn ará àtijọ́ fi rán tiwọn, kò sí ọba tó há.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, please! Wọ́n ti fẹ́ ṣí aṣọ ìkélé. Dàrẹ́tọ̀ tó ń darí eré ní tí Ọba ò bá wọ aṣọ yìí jáde, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lónìí. Ẹ jẹ́ n gé òwú náà. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Tí o bá gé ìlà kan, gbogbo rẹ̀ á tú. Ọba ni kí o gé.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi!

Ẹ̀GBỌ́N: Nínú eré ni mo ń wí. Ṣé Ọba kò jagun ni?

ÀBÚRÒ: Ó ń ti ogun bọ̀ ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó fi ọwọ́ òsì síbẹ̀ nìyẹn. Kó ká a mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ, kí apá aṣọ máa fì. Àwọn òǹwòran á tilẹ̀ rí iṣẹ́ mi dáadáa.

[Ohùn jìnnà sí fóònù. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́.]

ÀBÚRÒ: Dàrẹ́tọ̀ gbà! Ó ní ó tilẹ̀ dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ọwọ́ ọ̀tún ni Ọba máa fi yọ idà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó tán. Kó tètè ki ọ̀tún bọ̀ ọ́.

ÀBÚRÒ: Ó ti ń kì í bọ̀ ọ́. Ó ń lọ... ó ti dé ìgúnwọ́...

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ohun tó bá wà lápá kan gbọ́dọ̀ wà lápá kejì, àbí?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò gbọdọ̀ fi ìlà kan yàtọ̀!

ÀBÚRÒ: Kò yàtọ̀ o.

[Ọkùnrin kan figbe ta. Nǹkan wó. Fóònù já.]