Ilé Tó Kọjú sí Títì

Nínú takisí tó ń ti Pobè lọ sí Sakété, obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń bínú síra wọn lẹ́yìn mi, lórí ilé tí ọkùnrin náà kọ́ fún ìyá wọn.

"Ilé amọ̀ Bàbá tí o wó, ògiri rẹ̀ nípọn, ẹ̀yìn ló kọ sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ìwọ fi bíríkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ́ tìẹ, o kan páànù lé e láìsí àjà, o wá yí i kọjú sí títì. Látọ̀sán ni oòrùn ti ń jó ògiri yàrá Màámi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń kọ́lé kó kẹ̀yìn sí títì? Ẹ ò rí karó dídán tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri iwájú rẹ̀? Gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń wò ó."

"Ṣé èrò ọkọ̀ ló ń sùn síbẹ̀? Màámi ti kó ẹní wọn lọ sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ nìkan ni ògiri Bàbá kù sí."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà sínú ilé. Kí ni aráyé á sọ bí wọ́n bá rí Màámi nílé ìdáná?"

Obìnrin náà dáhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tuni nínú:

"Fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni ilé ìdáná wà. Kò sẹ́ni tó máa rí wọn láti títì."