Ẹni Tó Dá Ohùn Mi Mọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ríbi jókòó, tẹ́ ẹ fara ti ògiri, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìdúró. Ìyàwó wa, ìwọ lọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Pẹ̀lẹ́. Ara á tù ọ́.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó ń dùn mí. Ẹ ti pọ̀ jù. Onígbàjámọ̀ ló kú o! Ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, dígí kan tó ti sán, bẹ́ǹṣì kan tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ò dọ́gba. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, orí ni mo fi ń ru pákó títí mo fi ra ọkọ̀ tó ń bá mi rù ú. Mo kọ́lé, mo tún kọ́ òmíràn, mi ò sì ka ju ìwé méjì lọ níléèwé. Pákó tó dáa jù nílé ìtajà mi ni wọ́n fi kan pósí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ èmi ni mo kú, mo mọ̀ pé ẹ ò ní kún tó báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo wò yín láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ọkùnrin yìí, o tún ti borí mi."

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ ìbò alága àdúgbò. Agbẹ̀bí wa ló ń dù ú pẹ̀lú ọkùnrin tó fẹ́ fi pápá ẹ̀gbẹ́ iléèwé kọ́ ilé epo. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, fóònù gbogbo yín ti ń dún. Ohùn ta ló wà níbẹ̀? Ohùn mi ni! Ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Onípákó ni. Wọ́n ti sún ìbò síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sílé yín. Ẹ ṣeun púpọ̀."

Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ ní ohùn mi, bí ìgbà téèyàn ń kọ́ ọmọ lórin. Inú bí mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ta ni wọn ì bá tún jí ohùn ẹ̀ ní àdúgbò yìí, bí kò ṣe èmi?

Mo sáré jáde. Mò ń pariwo pé ẹ jáde wá dìbò o, irọ́ ni! Ohùn mi ti há, ó ń dún bí ayùn tí ò mú. Aránṣọ tó ń gbé nílé mi yọjú lójú fèrèsé, ó na fóònù ẹ̀ sí mi.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohùn yín. Èyí jọ yín ju ẹ̀yin alára lọ. Ẹ padà lọ sùn, ara yín ò yá."

Nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́! Ẹ̀rọ ti di Onípákó, Onípákó ti di ayédèrú. Òpópónà dá páropáro. Níbi tí wọ́n ti ń dìbò, àwọn òṣìṣẹ́ ń yán.

Ìgbà yẹn ni onígbàjámọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù, tòun tabẹ lọ́wọ́. Ó fi oníbàárà ẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ìdajì orí ti ń dán, ìdajì ṣì wà bó ṣe wà. Ó ní kí aránṣọ tún gbé ohùn yẹn sí i, kí gbogbo ayé gbọ́. Ó gun orí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ní 'ẹ jọ̀ọ́'? Ẹ gbọ́ bó ṣe ní 'ẹ ṣeun'? Onípákó tá a jọ mọ̀ yìí, ta ló ti sọ 'jọ̀ọ́' fún rí nínú yín?"

Aránṣọ ní, "Háà. Òótọ́ mà ni."

Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn: "Á kú kó tó sọ ọ́!"

Ẹ̀rín bú. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ tú jáde lọ dìbò, títí kan onídajì irun. Agbẹ̀bí wọlé. Àwọn ọmọ yín ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá yẹn.

Èmi ńkọ́? Mo pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ, ẹnikẹ́ni ò gbà mí gbọ́. Òun la ẹnu lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àdúgbò dìde. Ohùn tèmi ni wọ́n jí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lẹ gbà! Owú yẹn ò tíì kúrò lára mi dòní. Mo bínú lọ gẹrun lọ́dọ̀ ẹlòmíì, onítọ̀hún gé mi létí. Nígbà tí onígbàjámọ̀ gbọ́, ó gbé irinṣẹ́ ẹ̀ wá sílé mi. Kò kí mi.

"Onípákó, tẹ orí sílẹ̀."

Mo tẹ orí. Ó ń gẹ̀ ẹ́, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wọ́n á padà wá. Ẹni tí wọ́n bá fi irọ́ dá dúró sílé lọ́jọ́ ìbò, wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ ẹ̀, kò sì tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gba nǹkan kan."

Ìdí nìyẹn tó fi fa ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, kẹ́ni tó kọ́ ẹ̀rọ ní ohùn mi lè wá sọ ta ló rán an. Ẹjọ́ ṣì ń lọ. Láti ọ̀la, èmi ni màá máa jókòó sáàyè ẹ̀ níbẹ̀. Màá sì jókòó dáadáa jù ú lọ.

Ìbò mìíràn ti sún mọ́lé. Ẹni tó dá ohùn mi mọ̀ ló sùn sínú pósí yìí. Bí fóònù bá tún fi ohùn mi sọ̀rọ̀, ta lẹ máa bi? Mo rí fóònù tẹ́ ẹ nà sókè, ẹ̀ ń gba ohùn mi sílẹ̀. Ẹ gbà á dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ẹ̀rọ náà á kọ́ ọ. Àmì tí ọkùnrin yìí fún yín bàjẹ́ lálẹ́ òní, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Torí náà, bẹ́ ẹ bá gbọ́ mi, ẹ rìn wá sílé ìtajà pákó. Ẹ wo ojú mi. Ẹ bi mí.

Onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ mi, ẹlẹ́gbẹ́ mi tí mò ń bá fà á. Kí ọ̀nà tẹ́jú fún ọ. Káwọn tó ti lọ ṣáájú yà sílẹ̀ kó o ráyè kọjá. Tó o bá débẹ̀, má kó gbogbo èèyàn ibẹ̀ jọ sọ́dọ̀ ara rẹ kí n tó dé. Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Jọ̀ọ́.

O ṣeun.