Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Pè Ní Omi Tòmátò

"Bọ̀dá ọlọ́kadà, dúró, jẹ́ kí n bá ẹ ṣà á."

"Rárá, Ìyá, ẹ fi sílẹ̀. Mo ti ń ṣà á."

"Ọwọ́ méjì péré lo ní. Kí ló tiẹ̀ dà sílẹ̀ tó pọ́n báyìí?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Kò sí nǹkan kan, ó wá ń ṣàn lọ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ mi? Kí ni?"

"Omi tòmátò ni."

"Ìwọ náà! O wá ń gbọ̀n bí ẹni tó jalè. Ṣé omi tòmátò ti pa èèyàn rí ní Mile 12 ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Irọ́ ni mo pa fún obìnrin náà. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló dà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí dókítà ń fura pé wọ́n ní àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó sì ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ran ẹlòmíràn. Èmi ni mo ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà báyìí, síbẹ̀ bí mo bá rí ilẹ̀ tó pupa, àyà mi á já. Kí ló lè mú kí ẹni tí orí rẹ̀ pé wo ẹ̀jẹ̀, kó sì pè é ní omi tòmátò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ọsibítù kéékèèké ní Ìkòsì, Kétu àti ẹ̀yìn ọjà Mile 12, kí n sì fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kan ní ọ̀nà Ifákọ̀. Kí wọ́n tó gbé kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lé mi lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Aunty Bísí, ọ̀gá wa tó ń bójú tó ààbò, fi kọ́ wa. Ó ní ìgò ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú agolo onídèérí tí òwú wà nínú rẹ̀, kí agolo náà tó wọ inú kúlà, àpótí tó ń mú nǹkan tutù tí a fi okùn dè sẹ́yìn ọ̀kadà. Ó tún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní àpò pupa kan tí ìbọ̀wọ́, ìbòmú, aṣọ ìnulẹ̀ àti bílíìṣì wà nínú rẹ̀. Ó ní àpò yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lára ọ̀kadà, àfi bí a bá ń fọ ọ̀kadà. Èmi ńkọ́? Nígbà tí iṣẹ́ mọ́ mi lára, mo ní agolo yẹn ń fi àkókò mi ṣòfò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò sínú ọ̀rá lásán. Òórùn bílíìṣì sì ń wọ inú búrẹ́dì tí mo máa ń gbé dání, ni mo bá gbé àpò pupa sílé, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Odidi ọdún kan, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ Mile 12 mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Tòmátò tó fọ́ ń ṣomi láti inú apẹ̀rẹ̀, omi náà ń pọ́n lọ káàkiri, gbogbo wa là ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìwà kan sì wà lọ́wọ́ àwọn ará ọjà náà tí mo fẹ́ràn: bí ẹrù ẹnikẹ́ni bá dà, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á bá a ṣà á kí ọkọ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ín. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bárò tó kó àlùbọ́sà kọ lù mí láti ẹ̀yìn. Okùn já, kúlà ṣubú, ó ṣí, àwọn ìgò sì fọ́n sílẹ̀. Táyà bárò gun mẹ́rin nínú wọn, ó fọ́ wọn. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Ṣàkírà tó ń ta tàtàṣé àti tòmátò ti dìde lẹ́yìn ọjà rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti fọwọ́ lásán ṣa ìgò méjì. Mo rí àkísà tó so mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ níbi tí ẹnu apẹ̀rẹ̀ ti gé e. Àkísà náà ti rin, ó ti pọ́n. Mo rí i. Ìgbà yẹn ló bèèrè ohun tó dà sílẹ̀, tí mo sì dá a lóhùn bí mo ṣe sọ lókè.

Ẹ̀rù ló bà mí. Ta ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ èèyàn kiri láàárín ọjà l'Ékòó tí wọn ò ní pè ní gbọ́mọgbọ́mọ? Mo ti ń fojú wá ọ̀nà tí mo máa gbà sá. Àmọ́ àwọn mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ láti bá mi ṣà á, Ìyá Ṣàkírà sì gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ fi nu òógùn ojú rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ohùn jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ̀jẹ̀ ni! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan.

"Gbọ́mọgbọ́mọ!" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi. "Ẹ mú un!"

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Ìyá Ṣàkírà ló sọ̀rọ̀, kò sì pariwo. "Bí ẹ bá lù ú dákú, ta ló máa sọ ohun tí n ó ṣe fún mi?" Ó kọjú sí mi. "Kí ni wọ́n kọ́ ẹ?"

"Mà?"

"Wọn ò lè gbé irú nǹkan báyìí lé ẹ lọ́wọ́ kí wọ́n má kọ́ ẹ ní nǹkan kan. Kí ni wọ́n kọ́ ẹ? Sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wa gbọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ Aunty Bísí bí ọmọ iléèwé, ọjà sì ń ṣe é bí mo ṣe ń kà á! Mo ní kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n má fún ojú ọgbẹ́ náà. Àwọn obìnrin ń já píọ̀ wọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dà á sí i lọ́wọ́, ẹnì kan ń dúró de ẹnì kejì kí omi má bàa dá. Mo ní kí èèyàn sún sẹ́yìn. Wọ́n da apẹ̀rẹ̀ òfìfo dé yí ibẹ̀ ká, Mállàm tó ni bárò sì fi bárò rẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Mo pe Aunty Bísí lórí fóònù. Ọlọ́ṣẹ kan ju bílíìṣì sí mi, mo fi ọ̀rá wé ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo fi aṣọ bo imú, mo tẹ́ àkísà bo ẹ̀jẹ̀ náà, mo sì da bílíìṣì sí i láti etí wá sí àárín. Mo wá ní a gbọ́dọ̀ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní Mile 12! Àmọ́ wọ́n dúró. Ọkọ̀ àjàgbé tó kó ata bọ̀ láti òkè Ọya pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Àwọn alábàárù fi ẹrù sórí dúró. Kétu ni wọ́n bí mi sí, n kò sì mọ̀ pé èèyàn lè gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń gbá tapólì nínú ọjà yẹn. Àwọn tí mo rò pé wọ́n á pa mí ni wọ́n dúró bí ẹni tó wà níwájú Ọlọ́run, nítorí ọwọ́ obìnrin kan.

Nígbà tí Aunty Bísí dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wo mí.

"Àpò pupa dà?"

"Ó wà nílé, Aunty."

"Agolo ńkọ́?"

"Òun náà wà nílé."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Wọ́n fi ẹ̀mú kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì gbé Ìyá Ṣàkírà lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọ́n ní kó máa wá fún àyẹ̀wò títí di oṣù kẹfà. Wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ọjọ́ àyẹ̀wò ni mo ń tẹ̀ lé e lọ, n kì í sì í fojú ba oorun ní ọ̀sẹ̀ tí èsì bá máa jáde.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èsì ìkẹyìn jáde. Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Ṣàkírà lẹ́nu géètì ọsibítù, mo sì sọ èyí tó kù: pé mo ti rí àkísà ọwọ́ rẹ̀ kí n tó purọ́.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ọwọ́ mi lò ń wò nígbà tí o dá mi lóhùn. Dìde, o ń dí ọ̀nà."

Oṣù mẹ́fà ló fi mọ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni! Irú èèyàn wo nìyí? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú ẹrù mi, ẹ má yọ ohun kan kúrò nínú ohun tí wọ́n kọ́ yín. Bó bá sì dà, ẹ tètè pariwo ohun tó jẹ́ gan-an. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi ronú: kí ni mo lè ṣe fún obìnrin yìí tó máa tó?

Mo bi òun náà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó ti ń sọdá títì lọ, kó tó yíjú padà.

"Àwọn tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, ọmọ mi, ṣé ẹnikẹ́ni padà lọ sọ fún wọn pé ó dànù?"