Àbẹ́là Delfínì Tí Mo Fi Òrí Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè bú mi. Mo ti darúgbó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ogójì ọdún, òtítọ́ ò tíì bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn báyìí, ọmọ rẹ̀ sì sọ pé kò jọ pé yóò pẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Kèrè ni ilé ọkọ mi, lágbègbè Dásà. Nígbà ìjọba kamaráàdì, ìyẹn ìjọba ológun tó ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráàdì, àbẹ́là wọ́n bí ojú. Èmi ni mo ń ṣe é nílé fún àwa ìjọ Àgùdà. Màá yọ́ ìda oyin, màá se ewé tíì mọ́ ọn kó lè máa ta sánsán, màá wá dà á sínú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí mo ti na òwú sí láàárín. Tó bá dì, màá bó ọ̀pá náà kúrò. Ọwọ́ mi mọ́ níbẹ̀ gan-an, mi ò fọ́nnu.

Delfínì ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Ọkọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan níbi ìpàdé abúlé, kò dùn mọ́ àwọn aṣojú ìjọba nínú, ni wọ́n bá wá gbé e. A ò mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Nígbà tó fẹ́ẹ̀ pé ọdún kan, Delfínì gbé ìda oyin kan wá fún mi. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá a nínú pàlàpálá àpáta kí wọ́n tó mú un. Ó ní kí n fi ṣe àbẹ́là mẹ́sàn-án, òun fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbàdúrà fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọdún keje mi nílé ọkọ nìyẹn, mi ò lóyún rí. Èmi náà fẹ́ gbé àbẹ́là lọ síwájú Màríà nínú ihò àpáta ní Dásà, mi ò sì rí ìda. Mo bá fi ìda Delfínì ṣe tèmi. Òrí ni mo fi ṣe tirẹ̀, mo kàn fi ìda díẹ̀ kùn ún lára. Mo da ewé tíì sí i gan-an, kó má baà gbóòórùn òrí.

Àwọn ìyá wa nínú ìjọ gbà pé bí àbẹ́là tí a tàn fún ẹni tí a ò rí bá kú láàárín àdúrà, onítọ̀hún ti kú nìyẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ooru mú. Àbẹ́là rọ̀, ó tẹ̀, ó kú. Delfínì tan òmíràn, ìyẹn náà kú. Ó sáré wá bá mi nídìí ààrò.

Ó ní, "Ìyáálé mi, ó ti kú, àbí?"

Ó yẹ kí n sọ pé òrí ni. Mo ní kó fara balẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé tó bá di ọ̀la màá sọ. Nígbà tí ọ̀la dé, ó ti fárí, ó ti wọ aṣọ ọ̀fọ̀, gbogbo ilé ń sunkún, ọkọ mi pàápàá ń sunkún. Níbo ni mo ti fẹ́ la ẹnu?

Ó ṣọ̀fọ̀ tán, ó fẹ́ ọkùnrin kan ní Kpingni, ó sì bímọ fún un. Lọ́dún kẹrin tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ó rù hangogo. Ó béèrè ìyàwó rẹ̀ kó tó béèrè omi. Kò fẹ́ ẹlòmíràn títí ó fi kú.

Èmi ńkọ́? Mi ò bímọ títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ wo Delfínì. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ìyáálé mi, èmi ni mi ò ní sùúrù. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó lọ́run?"

Mo fẹ́ sọ. Omijé ló jáde, ọ̀rọ̀ ò jáde. Òun tó ń ṣàìsàn ló tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ní kí n tún wá. Tí mo bá sọ, ìyẹn lè pa á, yóò sì kórìíra mi kú. Tí mi ò bá sọ, yóò gbé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi lọ bá ọkọ rẹ̀, yóò máa bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí kò ṣe.