Gìtá Ọrùn-Wíwọ́ Tí Mo Yàn fún Bàbá Caleb

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, àti gbogbo ẹni tí mo ti bá yan gìtá láti bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èmi Akínlọ́lá tí ẹ ń pè ní Tíṣà Gìtá ní ọ̀rọ̀ kan lọ́fun tí kò ṣeé gbé mì mọ́. Mo ti fi ẹnu sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kò gbà mí gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo gbé e lọ sí Àkùngbá, tí àwọn tó ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tó tẹ̀ ẹ́ kà á tán, ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú pé kí n fi orúkọ yín sí i?" Mo ní kó fi sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ òsì ọkùnrin kan ló wà nínú ewu. Ọ̀rẹ́ mi ni, èmi ni mo sì kó o sínú ewu náà.

Ẹ mọ àṣà wa níbí. Kò sí ẹni tó ń dá lọ ra gìtá. Bí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù ṣe ń mú mẹkáníìkì dání, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ ra gìtá ń mú Tíṣà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bùsàrí nítòsí ọjà Ìkàrẹ́. Èmi ni mo máa fi ìka kan igi rẹ̀ kó, kó, kó. Èmi ni mo máa di ojú, tí mo máa ki imú bọ ihò rẹ̀, tí mo máa gbóòórùn rẹ̀. Gbogbo yín á dúró, ẹ ò ní mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀: gbígbóòórùn yẹn, irọ́ ni. Imú kò mọ nǹkan kan nípa gìtá. Ọdún kan tí ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú ni mo fà á sókè lẹ́ẹ̀kan níbi tí mo ti tẹ orí sórí gìtá, obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn mi ní, "Ẹ wo ìmọ̀ lọ́wọ́ èèyàn!" Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè fi í sílẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo mọ̀ ní tòótọ́ ni ọrùn gìtá. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá tọ́, okùn rẹ̀ á sún mọ́ igi, ìka kò ní í ṣe wàhálà kó tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá wọ́, okùn á ga sókè, ẹni tó ń lù ú á máa fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ìka rẹ̀ á sì máa jìyà. Ọmọdé pàápàá lè mọ ìyàtọ̀ bí wọ́n bá fi hàn án. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni rí, kí ẹ má baà mọ̀ ọ́n láìsí èmi.

Zacchaeus, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Caleb, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù ní Ọ̀kà nígbà tó wá bá mi. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ó jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó ní, "Tíṣà, ìyá Caleb ti lọ. Ulé ti pa rọ́rọ́ jù. Ẹ kọ́ mi ní nǹkan tó ń dún." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Mo rò pé ọdún méjì ló máa fi mọ kọ́ọ̀dù mẹ́ta, nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà máa ń ṣe. Gìtá mi àtijọ́ ló fi ń kọ́ṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ti ń lù ú, ó ń kọrin sí i. Ní oṣù kẹta, a ń lu orin ìdúpẹ́ kan, ó kàn fi ìka yọ nǹkan kan jáde láàárín orin náà tí èmi fúnra mi kò lè ṣe. Ó dúró, ó bi mí pé, "Ṣé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, Tíṣà, àbí mo ṣì í?" Mo ní, "Ẹ ṣì í díẹ̀." Ẹ gbọ́, kò ṣì í. Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, mo ń wá nǹkan náà kiri lórí gìtá mi títí ìyàwó mi Ìbíyínká fi kanlẹ̀kùn, tó ní, "Bàbá Jesse, kí ni gìtá yẹn ṣe fún yín?" Ìlara ni. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní orúkọ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń kọ́ èèyàn ní gìtá láti Ìkàrẹ́ títí dé Etioro, akọ̀wé káńsù kan wá fẹ́ fi oṣù mẹ́ta kọjá mi.

Ìkórè ìjọ wọn ní Ọ̀kà ti ń sún mọ́lé nígbà náà, èmi sì ni wọ́n máa ń pè lọ́dọọdún láti wá lu gìtá níbẹ̀. Bàbá Caleb ní òun fẹ́ ra gìtá tòun, kí òun lè bá mi lù ú lọ́jọ́ náà. Mo bá a yọ̀ lẹ́nu. A dé ṣọ́ọ̀bù, Bùsàrí gbé méjì jáde. Ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú, kò dán, kò sì fa ojú mọ́ra, àmọ́ ọrùn rẹ̀ tọ́ ṣánṣán. Èkejì dúdú, ó ń dán gbinrin, ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn ń pa ni wọ́n gbé e tì fún oṣù mélòó kan, ọrùn rẹ̀ sì ti wọ́. Bùsàrí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí, ó ní, "Tíṣà, oòrùn ti ba dúdú yìí jẹ́ o, ẹ má wò ó." Èèyàn rere ni Bùsàrí nígbà náà. Mo kàn án kó, kó, kó. Mo di ojú. Mo gbóòórùn. Mo la ojú, mo ní, "Bàbá Caleb, èyí dúdú yìí ni tiyín." Bùsàrí la ẹnu, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa á dé. Bàbá Caleb tẹ okùn náà, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó ní, "Tíṣà, ó le o." Mo ní, "Gìtá tó rọ̀, ọmọdé ló ni ín. Èyí tó le ló ń kọ́ ọwọ́ lọ́gbọ́n." Ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà, mi ò mọ̀ dòní. Àgbà náà ṣí fìlà fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù, èmi tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ńlá fún, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìmọ̀ mi gbẹ. Mo ṣe àmín.

Kò bá mi lù ú ní ìkórè ọdún náà. Ìka rẹ̀ ti lé róró, ó fi aṣọ wé e, ó jókòó láàárín ìjọ, ó ń fi ọwọ́ tó dì ní aṣọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo sì lù ú dáadáa lọ́jọ́ náà, ojú kò tì mí rárá. Mo rò pé ó máa pa gìtá náà tì. Kò pa á tì. Ní ọdún kejì, ó gbé gìtá dúdú jáde. Nítorí pé ọrùn rẹ̀ wọ́, ohùn rẹ̀ kì í bọ́ sípò, àfi kó máa fi ìka fa okùn kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ kó wà. Ó fà á, ó fà á, gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ìjọ sì dìde. Wọ́n gbé makirofóònù fún un, ó ní, "Tíṣà mi ló mọ̀ ọ́n. Ó rí gìtá méjì, ó mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí tó le fún mi." Wọ́n yí padà sí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí ni èmi ṣe? Mo dìde, mo juwọ́ sí wọn.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́ pátápátá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òbí mẹ́ta wá bá mi pé gìtá ọrùn-wíwọ́ ni àwọn fẹ́ fún ọmọ wọn. Kí oṣù tó parí, Bùsàrí ti ń sá gìtá sóòrùn lórí páànù bí ẹni tó ń sá èlùbọ́. Mo bi í léèrè, ó ní, "Wàláì, Tíṣà, èyí tó tọ́ kò yá mọ́. Wọ́n á gbé e wò, wọ́n á ní kò tíì pọ́n." Ṣé mo sọ òótọ́ fún wọn? Wọ́n pè mí sí Àkùngbá láti bá àwọn ọ̀dọ́ akọrin sọ̀rọ̀, mo dúró níwájú wọn fún wákàtí kan gbáko, mo ń ṣàlàyé àǹfààní ọrùn wíwọ́, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tósìn kékeré, ọmọ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀kà, sunkún lórí tirẹ̀ títí ó fi ní iṣẹ́ aṣọ rírán ni òun fẹ́ lọ kọ́. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ náà kò ní sùúrù. Tósìn, bí wọ́n bá ka ìwé yìí fún ọ, sùúrù rẹ pọ̀ ju tèmi lọ. Gìtá yẹn ni kò dáa.

Mo ní mo ti fi ẹnu jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo sọ ọ́ láàárín ẹgbẹ́ akọrin ní Ọ̀kà pé, "Gìtá yẹn kò dára, ìlara ni mo fi yàn án." Wọ́n fi ẹ̀rín pa mí. Akọ̀wé wọn ní, "Ẹ gbọ́ bí ẹni ńlá ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀." Ẹ̀ẹ̀kejì, mo lọ bá pásítọ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó sì fi mí wàásù ìwà ìrẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí náà kún un: inú mi dùn pé wọn ò gbà mí gbọ́. Mo ń lọ sílé, mo ń sọ fún ara mi pé mo ti ṣe ipa tèmi.

Èyí tó burú jù ló kù. Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún yìí, ìka méjì wú lọ́wọ́ òsì Bàbá Caleb. Tó bá jí láàárọ̀, ìka náà á ti ká kò, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń là á. Ó gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà wá bá mi nílé, ó na ọwọ́ náà sí mi, ó ní, "Tíṣà, ó ń dùn mí o. Ẹ jẹ́ kí n fi tiyín ṣeré díẹ̀, bóyá á rọ̀ mí lọ́wọ́." Gìtá tèmi ló ń wò lára ògiri. Ẹ̀yin náà mọ gìtá yẹn, èyí tí mo sọ fún yín pé àna mi fi ránṣẹ́ láti Jámánì. Kò sí àna kankan ní Jámánì. Gìtá pupa tó tọ́, tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù Bùsàrí lọ́jọ́ náà ni. Mo padà lọ rà á ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo kùn ún ní ọ̀dà funfun. Mo mọ̀ pé bí ó bá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó ti mọ gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo dìde, mo dúró síwájú ògiri, mo wo ọwọ́ tó wú yẹn, mo sì ní, "Bàbá Caleb, ìrora yẹn, agbára ló ń wọlé. Ẹ má fọwọ́ kan gìtá mìíràn. Ẹ fi kún ìgbà tí ẹ fi ń lu tiyín." Ó ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà. Mo ti fẹ́ máa ṣọ̀lẹ." Ó lọ sílé, ó sì fi kún un. Ìbíyínká wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́. Kò pariwo. Ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní, "Bàbá Jesse, ọkùnrin yẹn kò ní nǹkan mìíràn nílé." Mi ò lè jẹ oúnjẹ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dókítà sọ fún un pé bí kò bá fi gìtá yẹn sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ìka méjèèjì lè má là mọ́ láéláé. Ó dá dókítà lóhùn pé Tíṣà òun ló yàn án fún òun, Tíṣà òun kò sì ní yan ohun burúkú fún òun. Caleb ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní, "Tíṣà, abẹ́g, ẹ bá wa bá Dádì sọ̀rọ̀, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín." Mo lọ. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ń dán mi wò, mo mọ̀," ó sì tún tẹ̀ ẹ́ níṣojú mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo jókòó sínú ilé náà, mo rí i pé ọwọ́ mi ló wà lórí ìka rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kó àwọn gìtá wíwọ́ yẹn padà wá, èmi àti Bùsàrí ti jọ ṣe àdéhùn lórí bí a ṣe máa pààrọ̀ wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ èèyàn níṣẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá ṣe ohun tí ẹ kò lè ṣe, ẹ ní kó tún un ṣe, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pàdánù ẹni tó lè kọ́ mi, nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Tíṣà. Bàbá Caleb, mo ti gbé gìtá tó tọ́ náà fún Caleb, ó wà nílé yín, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Mi ò dán yín wò. Mi ò kọ́ ọwọ́ yín lọ́gbọ́n kankan. Ohun tí ẹ mọ̀, ẹ̀yin lẹ fi ìyà wá a rí lórí igi burúkú. Bí ẹ bá fẹ́ wá bú mi, mo wà nílé ní gbogbo Sátidé. Bí ẹ bá ní kí n má dé Ọ̀kà mọ́, mi ò ní dé ibẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ kò bá sì lè dárí jì mí, ẹ kórìíra mi títí láé, kí ẹ ṣáà jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi.